Ẹ Tú Awọ Rẹ̀ Kí Ẹ Wo Inú: Bí A Ṣe Yẹ Jáàsì Àtijọ́ Kan Wò ní Ìsẹ́yìn

Ọ̀rọ̀ kan ti di orin lẹ́nu wa lọ́jà lóde òní, òun ni "orijínà". Ẹni tó ń ta bàtà á ní orijínà ni. Ẹni tó ń ta ẹ̀rọ ìránṣọ àlòkù á ní orijínà ni, wọn ò yí ohunkóhun lára ẹ̀. Mo ti rí ẹni tó ń ta ata gígún inú ọ̀rá tó búra pé orijínà ni. Ata kẹ̀!

Iṣẹ́ oníròyìn ló ń gbé mi kiri ilẹ̀ Òkè-Ògùn. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, n ò lọ sí yunifásítì, ṣùgbọ́n ọjà ti kọ́ mi ní tirẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kò gùn. Ìbéèrè méjì ló fara pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ orijínà yìí, a sì máa ń bi wọ́n pọ̀ bí ẹni pé ẹyọ kan ni. Èkíní: ṣé ohun tí wọ́n pè é náà ni? Èkejì: ṣé ó ṣì dára? Ẹni tó bá bi ọ̀kan tó gbàgbé èkejì, àfàìmọ̀ kí owó rẹ̀ má bọ́ sódò. Ìlù ló là mí lójú sí i, ìlù òyìnbó tí à ń pè ní jáàsì.

OWÓ ÈSÚSÚ

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ta èlùbọ́ ní Ṣakí. Ẹni tó bá mọ ìdí èlùbọ́ mọ̀ pé owó òjijì kò sí níbẹ̀. Wọ́n á bó iṣu, wọ́n á bọ̀ ọ́, wọ́n á sá a sóòrùn, òjò á tún máa lérí sí i. Ó ní ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún 16, tí ọwọ́ rẹ̀ yá gan-an nídìí jáàsì ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ṣùgbọ́n ìlù tí ọmọ náà ń lù, wọ́n ń yá a ni. Ọjọ́ tí ẹni tó ni ín bá gbé ìlù rẹ̀ lọ, ọmọ á jókòó bí ẹni tí wọ́n gba oúnjẹ lẹ́nu ẹ̀.

Nígbà tí èsúsú kan ẹ̀gbọ́n mi, a gbọ́ pé ìyá opó kan ní Ìsẹ́yìn fẹ́ ta jáàsì ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé. Wọ́n ní Premier ni, ojúlówó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti nǹkan bí ọdún 1965, pé gbogbo ẹ̀ pé, wọn ò pààrọ̀ nǹkan kan. Owó tí wọ́n pè yóò gbé gbogbo èsúsú náà mì, ẹ̀gbọ́n mi á sì tún yá díẹ̀ lé e. Ó ní kí n bá òun lọ, pé oníròyìn ni mí, mo mọ ìbéèrè í bi.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìbéèrè nìkan ò tó o. Ẹ jẹ́ ká wá ẹni tó mọ ìdáhùn."

Bí a ṣe lọ bẹ bàbá onílù kan ní Ṣakí nìyẹn. Ọmọ Àyàn ni bàbá, wọ́n sì ti lé ní ẹni ọdún 75. Láti kékeré ni wọ́n ti ń lu dùndún nílé wọn. Nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, wọ́n tún lu jáàsì nínú ẹgbẹ́ olórin kan n'Íbàdàn. Bàbá ò gba owó lọ́wọ́ wa. Wọ́n ní ká ṣáà wá fún àwọn ní èlùbọ́ tó dára.

IBI TÍ JÁÀSÌ TI WÁ

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé ọmọdé inú wa, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa ìlù náà. Ẹgbẹ́ dùndún kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Ẹnì kan á gbé ìyáàlù, ẹlòmíràn á gbé gángan, ẹlòmíràn á gbé ìṣáájú, ẹlòmíràn á so gúdúgúdú mọ́ ọrùn. Ti jáàsì yàtọ̀. Àwọn onílù Amẹ́ríkà, pàápàá àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú New Orleans, ló kó ìlù oríṣiríṣi jọ tí wọ́n fi ẹnì kan ṣoṣo sídìí gbogbo rẹ̀. Ohun tó jẹ́ kó rọrùn ni irin tí onílù ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti lu béèsì. Ní 1909 ni William Ludwig àti àbúrò rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Chicago, irú irin ẹlẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń ṣe tà.

Premier ní tirẹ̀, ilé iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ìlú London ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1922. Nígbà ogun Hitler, bọ́ǹbù ba ilé iṣẹ́ náà jẹ́, ni wọ́n bá kó lọ sí Leicester. Gẹ̀ẹ́sì ló sì ń ṣàkóso wa títí di 1960, kò lè yani lẹ́nu bí a bá rí ọjà wọn lọ́dọ̀ wa.

Láyé háíláìfù, láyé Bobby Benson, Victor Ọláìyá àti Roy Chicago, ẹgbẹ́ olórin tí kò bá ní jáàsì kò tíì di ẹgbẹ́. Roy Chicago tiẹ̀ tún mú ìlù wa tó ń sọ̀rọ̀ wọ inú háíláìfù. Ọ̀dọ̀ Ọláìyá náà ni Tony Allen wà nígbà kan, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1940, kó tó di onílù Fẹlá láàárín ọdún 1960 sí 1970. Òun àti Fẹlá jọ ṣiṣẹ́ títí di 1979. Ìwé ìròyìn òyìnbó kan ni Tony Allen ti ka ẹ̀kọ́ tí Max Roach, onílù Amẹ́ríkà, kọ nípa sínbà ẹlẹ́sẹ̀, ó sì kọ́ ọ títí ó fi sọ ọ́ di tirẹ̀. Nígbà tó kú ní Paris ní 2020, gbogbo ayé ló dárò rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fojú kékeré wo jáàsì. Ó ti pẹ́ tó ti di ọmọ ilé.

ÀMÌ LÁRA ÌLÙ

A dé Ìsẹ́yìn. Ìyá opó náà gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n ti nu gbogbo ìlù náà, ó ń dán. Béèsì wà níbẹ̀, tọ́ọ̀mù kékeré, tọ́ọ̀mù ńlá tó ń dá dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, sínìà tí wáyà wà lábẹ́ rẹ̀, àti àwọn sínbà. Àmì Premier wà lára gbogbo ìlù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn, mo rí i lójú ẹ̀. Ọwọ́ ti ń lọ sídìí ìró níbi tí owó wà.

Bàbá ò fọwọ́ kan kọ̀ǹgọ́. Wọ́n ní ká tú awọ rẹ̀.

Ìyá opó ní, "Bàbá, ṣé ẹ ò ní kọ́kọ́ lù ú gbọ́ ni?"

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọlé kí i ná. Bí a bá kí i tán, a ó gbọ́ ohùn ẹ̀."

Wọ́n ní àmì ni ohun tó rọrùn jù láti yọ lára ìlù kan kí wọ́n kàn án mọ́ òmíràn. Nítorí náà, kì í ṣe orúkọ tó wà lórí àmì ni wọ́n wò. Ìṣó tó dè é mọ́ igi ni wọ́n wò. Ti béèsì, ti tọ́ọ̀mù kékeré àti ti sínìà jọra, ó ti gbó bákan náà. Ti tọ́ọ̀mù ńlá yàtọ̀: ìṣó rẹ̀ jẹ́ tuntun ju ti àwọn yòókù lọ, nígbà tí bàbá sì tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀, a rí ojú ihò míì tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi àti gọ́ọ̀mù dí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ọjà láti Èkó, ẹ fi èyí sọ́kàn. Àwọn Ludwig tí wọ́n ṣe láti nǹkan bí 1963 síwájú ní nọ́ńbà lórí àmì wọn, nọ́ńbà yẹn sì máa ń ran èèyàn lọ́wọ́ láti mọ ọjọ́ orí ìlù. Ṣùgbọ́n àmì ìlù náà nìkan ni nọ́ńbà ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí àmì bá ti ṣí kúrò lára igi tí wọ́n bí i mọ́, nọ́ńbà ò lè jẹ́rìí fún igi tuntun.

INÚ ÌLÙ

Wọ́n gbé igi ìlù mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n ní kí èmi àti ọmọ wá wò ó. Inú béèsì àti ti tọ́ọ̀mù kékeré jọ ara wọn bí ọmọ ìyá: igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra, pẹ̀lú òrùka igi tó nípọn díẹ̀ létí òkè àti ìsàlẹ̀. Bí Premier ṣe ń ṣe ìlù nígbà náà nìyẹn. Tọ́ọ̀mù ńlá kò ní òrùka igi kankan, àwọ̀ inú rẹ̀ sì yàtọ̀.

Bàbá wá ní kí n yá téèpù lọ́wọ́ aránṣọ ìsàlẹ̀ àdúgbò. Ohun tí n kò mọ̀ rí ni wọ́n sọ fún wa nígbà náà. Ìlù Premier tí wọ́n ṣe kí àwọn ọdún 1960 tó fẹ́ parí máa ń fẹ̀ díẹ̀ ju ti Amẹ́ríkà lọ. Bí wọ́n bá tiẹ̀ pe méjèèjì ní íǹṣì 12, awọ tí wọ́n ṣe fún ti Amẹ́ríkà kì í wọ ti Premier. Ó há jù. Béèsì àti tọ́ọ̀mù kékeré fẹ̀ lóòótọ́. Tọ́ọ̀mù ńlá jẹ́ íǹṣì 16 géérégé, awọ ike tí wọ́n ń tà káàkiri ló sì wà lójú rẹ̀.

Kí ló wá wà lójú àwọn méjì tó fẹ̀ jù? Awọ ewúrẹ́ ni! Ọkọ ìyá náà, nígbà tí kò rí awọ tó bá wọn mu rà, ó wá awọ ewúrẹ́, ó rẹ ẹ́ sómi, ó fà á mọ́ òrùka rẹ̀, ó fi etí awọ há abẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé Àyàn. Bàbá fi àtàǹpàkò tọ etí awọ yìí yíká, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹni tó ṣe èyí, ọwọ́ ẹ̀ mọ́."

Ẹnì kan á ní awọ ewúrẹ́ ti ba orijínà ìlù jẹ́ nìyẹn. Rárá o. Awọ ike tí gbogbo ayé ń lò yìí, ní 1957 ni ilé iṣẹ́ Remo ní Amẹ́ríkà gbé tiwọn jáde. Kó tó dé, awọ ẹran ni òyìnbó náà ń fi bo jáàsì, awọ ọmọ màlúù ló sì wọ́pọ̀ jù. Ohun tí ń gbó tí à ń pààrọ̀ ni awọ. Ẹni tó bá fi awọ dá ìlù lẹ́bi dà bí ẹni tó fi táyà dá mọ́tò lẹ́bi.

Lẹ́yìn èyí, bàbá ní ká ti fèrèsé. Wọ́n da igi ìlù kọ̀ọ̀kan dojú délẹ̀ lórí tábìlì onígíláàsì, wọ́n sì tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀. Ibi tí etí igi bá ti jẹ tàbí tó ti wọ́, ìmọ́lẹ̀ á yọ níbẹ̀. Bí etí bá wọ́, awọ ò ní jókòó dáadáa, ohùn á máa gbọ̀n. Tọ́ọ̀mù kékeré ní ibì kan tí ìmọ́lẹ̀ ti yọ fín-ín. Béèsì kò ní rárá. Ikán ò jẹ igi kankan. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn tiwa yìí, níbi tí ọyẹ́ ti ń gbẹ igi títí á fi sán, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré.

Wọ́n ka ihò. Béèsì ní ihò méjì tí ilé iṣẹ́ kò lu: ẹnì kan ti yí irin tó gbé tọ́ọ̀mù dúró padà. Òrùka irin kan ti ṣẹ́ rí, wẹ́dà sì ti jó o pọ̀. Síkúrù mẹ́ta ti dípẹtà.

SÍNBÀ ÀTI ÌKÒKÒ

Ẹ̀yin ìyá tó ń ra ìkòkò lọ́jà, iṣẹ́ yín nìyí. Ẹ kì í fi dídán ra ìkòkò. Ẹ ó gbé e dání, ẹ ó fi ìka kàn án, ẹ ó sì gbọ́ bóyá ó dún gbọọrọ tàbí ó dún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ohun tó ti sán. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni sínbà. Ilé kan tí à ń pè ní Zildjian ti ń ṣe sínbà láti 1623 ní ìlú Istanbul, kí wọ́n tó wá sọ̀dí sí Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n bí sínbà bá sán, orúkọ ńlá kì í dí i.

Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Bàbá kan sínbà ńlá lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀gbọ́n mi ní, "Èyí ti sán." Lóòótọ́, ìlà tín-ín-rín kan wá láti etí, wọ́n sì ti lu ihò kékeré sí òpin rẹ̀ kó má baà sán lọ. Sínbà ẹlẹ́sẹ̀ méjèèjì pé pérépéré. Ihò àárín wọn ṣì rí rogodo, irin ò tíì jẹ ẹ́ gùn.

Ìgbà náà ni bàbá tó gbé kọ̀ǹgọ́. Wọ́n di gbogbo ẹ̀ padà, wọ́n jókòó, wọ́n lù ú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí bí ohùn béèsì ṣe rí. Awọ ewúrẹ́ lórí igi Gẹ̀ẹ́sì! Àwọn ọmọ adúgbò ti dé ojú ilẹ̀kùn kí a tó mọ̀.

"ṢÉ OLÓÒGBÉ PURỌ́ FÚN MI NI?"

Ṣùgbọ́n ojú ìyá opó ti rẹ̀wẹ̀sì. Láti ìgbà tí a ti rí ihò abẹ́ àmì ni wọn ò ti sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ọkọ àwọn sọ fún àwọn, kó tó kú, pé orijínà ni gbogbo ẹ̀, kí wọ́n má tà á lọ́pọ̀. Wọ́n ní, "Bàbá, ṣé olóògbé purọ́ fún mi ni?"

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le, ẹ̀yin èèyàn mi. Òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Bí bàbá bá dákẹ́, ẹ̀gbọ́n mi á jẹ gbèsè lórí ohun tí kì í ṣe. Bí wọ́n bá sì sọ ọ́ bí kò ṣe yẹ, wọ́n ti ba orúkọ òkú jẹ́ lójú aya rẹ̀.

Bàbá fi kọ̀ǹgọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyàwó wa, ẹ gbọ́. Ọkọ yín ní ìlù mẹ́rin, ọ̀kan bàjẹ́ tàbí ó sọnù. Iṣẹ́ wà lọ́jọ́ Sátidé, ọmọ wà nílé tí yóò jẹun. Ó wá òmíràn, ó fi àmì sí i kí gbogbo wọn lè jọra lójú agbo. Èmi náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí irọ́ nínú ẹ̀ fún ẹni tó ń lù ú. Ọjọ́ tí a bá gbé e dọ́jà ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ohun tó tọ́ fún lílù lè máà tọ́ fún títà, àfi ká là á mọ́lẹ̀."

Ìyá opó mi kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní àwọn rántí: ọdún kan wà tí ọkọ àwọn ti òde wá láìgbé tọ́ọ̀mù ńlá bọ̀, kò sì sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi lè fi ihò àti ìpẹtà na ìyá náà lówó mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọlọ́jà ni, ó mọ̀ ọ́n ṣe. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí a ka ìlù náà ní ẹyọ ẹyọ. Béèsì, tọ́ọ̀mù kékeré àti sínìà, kí a san owó Premier fún wọn, kí a yọ owó àtúnṣe kúrò. Tọ́ọ̀mù ńlá, kí a san owó àlòkù lásán. Sínbà tó sán, kí a kà á sí ẹ̀bùn. Wọ́n fà á síwá sẹ́yìn, wọ́n sì gbà. Èsúsú náà tó o, ó tiẹ̀ kù tí a fi wọkọ̀. Ohun kan péré ni ìyá opó ní àwọn ò tà: kọ̀ǹgọ́ méjì tí ọkọ àwọn lò kẹ́yìn.

OHUN TÍ MO RÍ FÀ YỌ

Nínú ọkọ̀ ni bàbá ti fi dùndún ṣàlàyé fún wa. Ìyáàlù tó wà nílé wọn, ọwọ́ bàbá bàbá wọn ni wọ́n ti gbà á. Igi apá ni. Wọ́n ti pààrọ̀ awọ rẹ̀ láìmọye ìgbà, wọ́n ti pààrọ̀ ọṣán, ṣaworo kan ti jábọ́ tí wọ́n fi òmíràn sí i. Kò sí ẹni tó pè é ní ayédèrú rí, nítorí igi yẹn kò yí padà, ohùn rẹ̀ kò sì yí padà.

Ẹ̀yin ará Ìsẹ́yìn, ẹ̀yin lẹ ni òfì, ẹ ó sọ fún mi bí mo bá ṣì í sọ. Bí ẹnì kan bá gbé ògbólógbòó sányán wá, tí ẹ bá fẹ́ wọ̀ ọ́, ẹ ó fà á wò bóyá òwú ṣì lágbára. Tí ẹ bá fẹ́ tà á ní owó sányán àtijọ́, ẹ ó yí i sódì, ẹ ó wo ojú ìrán bóyá wọ́n ti fi òfì tuntun lẹ̀ ẹ́. Aṣọ kan náà ni, ìbéèrè méjì. Ẹni tó ń kó jáàsì àtijọ́ jọ nílùú òyìnbó, ihò kan tí ilé iṣẹ́ kò lu á dín owó rẹ̀ kù. Ọmọ tó fẹ́ lu ìlù lọ́jọ́ ìsinmi, ihò yẹn kò kàn án. Ohun tó kàn án ni etí igi, síkúrù tó lè yí, àti sínbà tí kò sán. Kálukú kó mọ ohun tó ń wá kó tó tú àpò.

Bí ẹ bá ní irú ìlù bẹ́ẹ̀ lájà, ẹ gbé e kúrò nílẹ̀ nítorí ikán. Bí ó bá jẹ́ awọ ẹran ló wà lójú rẹ̀, ẹ dẹ síkúrù rẹ̀ díẹ̀ nígbà ọyẹ́, nítorí ọyẹ́ ń fa awọ le títí á fi ya. Kí ẹ sì má ṣe fi ọ̀dà tuntun kùn ún kí ẹ tó tà á. Ọ̀dà máa ń bo ẹ̀rí, ẹni tó mọ̀ ọ́n rà á sì máa fura.

Èyí tó wù mí jù ni ohun tí bàbá ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe nígbà tí a délé. Ọmọ mú bébà kan, ó kọ gbogbo ohun tí a rí sí i: tọ́ọ̀mù ńlá kì í ṣe Premier, ihò méjì lára béèsì, òrùka kan tí wọ́n jó, awọ ewúrẹ́ tí onílù àkọ́kọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ bò. Ó kọ ọjọ́ sí i, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú béèsì kó tó di awọ padà. Ẹni tó bá tú u lọ́jọ́ iwájú á bá òótọ́ nínú ẹ̀.